Ikùn Ọmọ Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ̀yin dókítà ọmọ tuntun,

Ọ̀rọ̀ platelet tí à ń fà sára àwọn ọmọ tí NEC, àrùn tó ń pa ìfun, ń bá jà ni mo gbé wá.

Ẹ mọ irú ọmọ tí mò ń wí. Oṣù rẹ̀ ò pé. Ikùn rẹ̀ wú, ó le, awọ rẹ̀ ń dán; oje aláwọ̀ ewé ń gba rọ́bà imú jáde, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́. Èsì láàbù dé: platelet, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ti já láti 180,000 sí 40,000 láàárín ọjọ́ méjì. Kíá, wọ́n ti ní kí wọ́n gbé àpò platelet kan wá. Lọ́jọ́ kejì nọ́ńbà tún já, àpò mìíràn tún dé.

Kí ló ń jẹ platelet yìí? Kòkòrò ti gba ara ìfun tó ń kú wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dì wẹ́wẹ́ nínú àwọn òpó tóóró, ibẹ̀ ni platelet ń run sí. Èyí tí ẹ bù sí i, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Ètè la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Bí nọ́ńbà bá já lójijì báyẹn, oníṣẹ́ abẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́.

Ìwádìí PlaNeT-2 ti jáde láti 2019: ọmọ 660 ní Ìlú Ọba, Ireland àti Netherlands, tí wọ́n bí kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 34. Wọ́n ń fún apá kan ní platelet bó bá ti rẹlẹ̀ sí 50,000; apá kejì, ó di ìgbà tó bá rẹlẹ̀ sí 25,000. Láàárín ọjọ́ 28, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tètè fún ló kú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ya gidi lára wọn. Nínú àwọn tí wọn kò tètè fún, 19 péré. Nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, ikú tàbí ìpalára sí ìdàgbàsókè ọpọlọ jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí wọ́n tètè fún, 39 lára àwọn yòókù. Platelet àgbàlagbà tí à ń fà sínú ọmọ jòjòló kì í ṣe omi lásán.

Ẹ ó ní gbogbo wọn kọ́ ló ní NEC. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 2005 lórí àwọn ọmọ tó ní NEC gan-an fi hàn pé àwọn tó gba platelet jù kò tìtorí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ẹ fún un. Èyí tó ń lọ sí tíátà, ẹ fún un. Fún àwọn yòókù, kí ẹni tó bá ní kí wọ́n fà á kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì, kó sì kọ bí ikùn ọmọ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí ìwé ìlànà ara ògiri wọ́ọ̀dù yín bá ṣì ń pe 50,000, ẹ já a lulẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi, ẹlẹgbẹ́ yín lẹ́nu iṣẹ́.