Owó Epo Àbọ̀ Dà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wa mọ́tò láti Òkukù dé Èkó, tẹ́ ẹ fẹ́ máa yà ta poker lọ́nà, mo rí ìṣirò yín. Owó epo àlọ wà níbẹ̀. Ti àbọ̀ ńkọ́? Ẹ ní ẹ máa jẹ ẹ́. Lọ́wọ́ ta? Ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó lẹ máa jẹ, bóyá owó ilé-ìwé rẹ̀ sì ni. Onílé ń bu tirẹ̀ nínú owó orí tábìlì, ẹni yòówù kó jẹ. Ìrìn-àjò ò burú o. Ìkìrun tẹ́ ẹ máa sáré kọjá lẹ́yìn Ìnísà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi lọ́dún 1878; kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ètò yín. Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́, ẹ kó owó epo àbọ̀ fún ẹni tí kì í ta káàdì, kó sì dúró sínú mọ́tò.