Ẹ̀yin ọ̀gá olókòwò kéékèèké, òfin iṣẹ́ kàn yín

Ní oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde 85,000 náírà fún òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25.

Ẹ wo agbègbè Àgbádárìgì, láti Àjárá títí dé Sẹ́mẹ̀: ilé búrẹ́dì, ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà, ilé oúnjẹ, àwọn tó ń fún òróró àgbọn. Mélòó nínú wọn ló ní òṣìṣẹ́ 25? Iye tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jọ fẹnu kò sí náà ni iye.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sọ iye kankan. “Ṣáà máa bọ̀ lọ́la, a ó rí i ṣe.” Bí owó bá dín nínú ọjà, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù ọmọ tó ń bá wọn tajà, wọn kò ní bi í léèrè. Àwọn kan náà ni yóò tún máa ṣàròyé pé òṣìṣẹ́ ayé ìsinyìí kì í dúró.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1974, kò sì yọ olókòwò kékeré sílẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kò gbà kí ọ̀gá gé owó oṣù bí owó ìtanràn. Kódà bí òṣìṣẹ́ bá fi àìbìkítà ba nǹkan jẹ́, àfi kí ọ̀gá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ aláṣẹ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá lo ọdún kan ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún, oṣù kan ṣáájú ni kí wọ́n ti sọ fún un kí wọ́n tó dá a dúró.

Àwọn apẹja etíkun wa kò ka ìwé òfin kankan kí wọ́n tó mọ irú èyí. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tí wọ́n ta ẹja, wọ́n á yọ owó epo, wọ́n á pín ìyókù láàárín ọlọ́kọ̀ àti àwọn tó bá a lọ sójú omi. (A kò sọ pé wọn kì í jà o.) Ṣùgbọ́n bí àwọ̀n bá gbófo, gbogbo wọn ló jọ rí i.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ ti gbẹ́nu sókè. À ń rọ ẹ̀yin ọ̀gá, bí ọjà kò bá tà lóṣù yìí, ẹ pè wọ́n jókòó kí ọjọ́ owó tó pé, ẹ fi ìwé ọjà hàn wọ́n, ẹ san èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ìyókù yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.