Ẹ̀ẹ̀marùn-ún Kì í Ṣe Òfin

Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà tó máa ń wá kọ́ ọmọ àbúrò mi nílé tún pa á láṣẹ létí mi. Ó kọ 41 sínú ìwé ọmọ náà, ó fi 2 kún un, ó di 43. Ó fi 4 kún un, 47. Ó fi 6 kún un, 53. Ó fi 8 kún un, 61. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé pín déédéé àfi fún 1 àti fún ara rẹ̀, ìyẹn ni pé práìmù ni gbogbo wọn. Ni ọ̀gbẹ́ni bá fi bírò pupa fàlà sí i nídìí: "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò yẹ̀. Ó ti di òfin."

Ìgbàgbọ́ yìí kún ìgboro: ohun tó bá ti ṣẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á máa ṣẹ títí láé. Wọ́n ní èèyàn ò lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dán nǹkan kan wò. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ mú 2 ẹyọ kan, ẹ fi 1 kún un: 3. Ẹ mú 2 lọ́nà 2, ẹ fi 1 kún un: 5. 2 mẹ́rin lọ́nà ara wọn, pẹ̀lú 1: 17. Mẹ́jọ: 257. Mẹ́rìndínlógún: 65,537. Práìmù ni márààrún. Ní nǹkan bí ọdún 1640, Pierre de Fermat, amòfin ará Toulouse nílẹ̀ Faransé, wò wọ́n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Ó kúkú jẹ́wọ́ pé òun ò rí ẹ̀rí. Àwọn tíṣà tiwa kì í jẹ́wọ́.

Ìkẹfà ńkọ́? 2 méjìlélọ́gbọ̀n lọ́nà ara wọn, pẹ̀lú 1, 4,294,967,297 ni. Gàgàrà nọ́ńbà! Kò ṣeé pín fún 3, kò ṣeé pín fún 7, kò ṣeé pín fún 11. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á búra pé práìmù ni. Ó di 1732 kí Leonhard Euler, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní St. Petersburg nílẹ̀ Rọ́ṣíà, tó tú àṣírí rẹ̀. Euler padà fi yé wa pé práìmù yòówù tó bá máa pín in, bí a bá fi 64 pín práìmù náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Irú wọn kò pọ̀. 193? Kò wọ̀ ọ́. 257? Rárá. 449? Rárá. 577? Rárá. Níbí ni àwọn "ó ti di òfin" ì bá ti palẹ̀ mọ́ lọ sùn. 641? Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Mo ní kí ọmọ náà ṣe é fúnra rẹ̀: 6,700,417 lọ́nà 641. Lọ́nà 600, 4,020,250,200. Lọ́nà 40, 268,016,680. Lọ́nà 1, 6,700,417. Ó rò wọ́n pọ̀, ó tutọ́ síka, ó pa òdo kan rẹ́, ó tún un rò: 4,294,967,297. Ló bá pariwo.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹyọ kan ló yẹ̀: láti orí ìkẹfà yìí dé orí ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, kò sí práìmù kankan níbẹ̀. Ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà mí. Nọ́ńbà kì í tán.

Ohun tó tọ́ ò ṣòro: ẹ wá ìdí. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó ń ṣẹ́ ku 1 bí a bá fi 2 pín wọn, ẹ rò wọ́n pọ̀; 1 méjèèjì di 2, àṣẹ́kù tán. Èwo ni ti ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ìyẹn?

Ti ọ̀gbẹ́ni náà gan-an ṣẹ nígbà ogójì, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìkọkànlélógójì ni 1,681, ìyẹn 41 lọ́nà 41. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìlà pupa rẹ̀. Ó wò ó, ó ní irú ìyẹn kì í jáde nínú ìdánwò.