Ọwọ́ Ta Ló Gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Yìí?

Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù kò bá mọ ẹni tó ya àwòrán Jésù tàbí ti òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sí i pé ọmọṣẹ́ Rembrandt ló yà á, tàbí ẹnìkan tó ń wo ọwọ́ Leonardo. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìkọ̀wé kékeré yẹn. Lọ́dún 1958, wọ́n ta àwòrán Jésù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 45 pọ́n-ùn, torí wọn kò kà á sí iṣẹ́ Leonardo. Lọ́dún 2017, wọ́n ta àwòrán yẹn kan náà ní New York ní iye tó lé ní 450 mílíọ̀nù dọ́là. Lóòótọ́, wọ́n ti tún un ṣe, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n orúkọ Leonardo ló gbé owó náà wá. Ẹ wá wo ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa nílẹ̀ òkèèrè: “Yorùbá, Bẹ̀nẹ̀” ni wọ́n kọ sí i, ó parí. Wọn kì í sábà dárúkọ ìlú, áńbọ̀sìbọ́sí agbo ilé tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, àwa ará Pobẹ̀ àti Sakété kò sì gbọdọ̀ gbà á.

Àwọn kan á ní gbogbo ìlú ló ni gẹ̀lẹ̀dẹ́, pé àwọn ìyá wa là ń fi yẹ́ sí, kì í ṣe agbẹ́gilére. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọ ló ni àwòrán Màríà nílẹ̀ Ítálì, wọ́n sì tún mọ ẹni tó yà á. Yorùbá pàápàá kì í gbàgbé oníṣẹ́ ọnà. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, kú lọ́dún 1938. Ní 1988, ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ iṣẹ́ ọnà John Pemberton. Ní Ìdáhìn, lágbègbè Kétu, àwọn onímọ̀ Henry àti Margaret Drewal kọ orúkọ agbẹ́gilére Fágbìtẹ́ Àsàmú àti ọmọ rẹ̀ Fálọlá Ẹdun sílẹ̀. Bíbéèrè ni wọ́n béèrè tí wọ́n fi mọ̀.

Níbi tí orúkọ bá ti sọnù ní tòótọ́, ère fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí. Etí àti èékánná ni Giovanni Morelli, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Ítálì, máa ń wò lára àwòrán, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ayàwòrán ti ń lọ fúnra rẹ̀ láìronú. Kí àwa náà wo bí wọ́n ṣe gé etí gẹ̀lẹ̀dẹ́, ibi tí wọ́n lu ẹyinjú sí, àti ẹ̀yìn orí tí òǹwòran kì í bìkítà fún. Ọ̀dà lè tanni jẹ, nítorí wọ́n máa ń tún un kùn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀bẹ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ á mú ère wọ́n, á sì fa olè wá, mo ní ère tí kò ní ìlú lolè ń wá, torí kò sẹ́ni tó lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé. UNESCO ti bu ọlá fún gẹ̀lẹ̀dẹ́ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò láti 2001; ó wá ku tiwa. Kí ẹgbẹ́ gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Pobẹ̀ àti Sakété ya fọ́tò ère rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sí i, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.