Aṣọ Àṣálẹ́ Lójú Oòrùn Ọ̀sán

 Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbéyàwó ń pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìgbà yìí náà sì ni ìwé àwọn ọ̀dọ́ máa ń dé ọwọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó dáhùn lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ilé púpọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjẹ̀bú-Òde kan ni ó kọ ọ́. Òun ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó nínú ìgbéyàwó tí a ó ṣe ní ìletò kan lójú ọ̀nà Odógbolú, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni a ó sì ti jẹun. Ìwé ìpè wí pé aṣọ àṣálẹ́ àwọn Òyìnbó ni kí àwọn ọkùnrin wọ̀: kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àti táì kékeré tí a so bí labalábá. Bàbá rẹ̀ sì gbé agbádá ẹtù jáde láti inú àpótí, èyí tí bàbá tirẹ̀ fi gbéyàwó, ó ní bí ọmọ òun kò bá wọ èyí, òun kò ní bá a dé ibẹ̀. Ọmọ náà ń bi wá léèrè ẹni tí òun ó gbọ́ tirẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe wá. Bí orúkọ aṣọ náà ti wí, aṣọ alẹ́ ni. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn tí ó ni ín, a kì í wọ̀ ọ́ kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kóòtù mìíràn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó ọ̀sán. Irun àgùntàn ni wọ́n sábà fi ń hun ún, nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn Òyìnbó kan náà dé ilẹ̀ gbígbóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ dúdú sílẹ̀, wọ́n rán kóòtù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé àwa tí a bí sínú oòrùn ni a wá ń wọ èyí tí wọ́n bọ́ sílẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1894, oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó, tí a ń pè ní David Brown Vincent, pa orúkọ yẹn tì, ó di Mọ́jọlá Agbébì. Ó pa aṣọ Òyìnbó tì pẹ̀lú, títí ó fi kú ní 1917, kò sì sí ẹni tí ó rí i pé ìwàásù rẹ̀ dínkù nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti rí àwọn régbérégbé ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mọ̀ pé ẹwà kò ṣọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n a kò ní tan ọmọ wa jẹ: ẹtù pẹ̀lú wúwo. Ohun tí ó fi sàn ni pé afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a sì lè ká a sí èjìká.

Síbẹ̀, ìgbéyàwó náà kì í ṣe ti Bàbá, kì í sì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó pè wá ni ó ni ọjọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ tí ó dá aṣọ tirẹ̀ wọ̀ ń gba ojú àwọn ènìyàn kúrò lára ẹni tí a tìtorí rẹ̀ péjọ. Nítorí náà, ọmọ wa, lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, má ṣe dúró di àárọ̀ ìgbéyàwó. Bóyá àwòrán ni òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wò, tí wọn kò rántí oòrùn agogo kan ọ̀sán. Bí ó bá gbà, ẹ rán kóòtù funfun, ti ọ̀gbọ̀ tàbí ti òwú. Bí kò bá gbà, wọ dúdú fún un láìkùn. Ṣùgbọ́n gbé e lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí o tó wọ̀ ọ́.

Ní ti Bàbá, dọ̀bálẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹtù náà wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àsè bẹ̀rẹ̀. Tètè sọ fún un. Bí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, inú rẹ̀ kò ní tètè rọ̀. Kí o sì nà án sí afẹ́fẹ́ lónìí, lábẹ́ òjìji, kí aró rẹ̀ má baà ṣí. Aṣọ tí ó pẹ́ nínú àpótí a máa ya níbi tí a ti ká a. Jẹ́ kí aránṣọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ tó pé.