Ẹ Sanwó Onílù, Ẹ Kọ Orúkọ Rẹ̀ Síbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá àwọn tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn tó ń ṣètò òde àríyá. Kò burú. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá lùlù, iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Kí àdéhùn yín pẹ̀lú rẹ̀ sì wà nínú ìwé kó tó di pé ó jókòó sídìí ìlù.

Láti Ìbàfò dé Mòwé, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù, gbọ̀ngán àríyá náà kò sì kéré. Ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, Sátidé kan kì í lọ kí ẹ má rí àtíbàbà lójú títì. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ọmọ kan wà nídìí ìlù. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún 15 tó fi etí àti ojú kọ́ ìlù òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí olùkọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ Àyàn tó gbé gángan kọ́ èjìká, tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń lù kí wọ́n tó bí i. Òun ló ń kọ́kọ́ dé, nítorí òun ni yóò to ìlù. Òun ló ń lọ kẹ́yìn, nítorí òun ni yóò tú u. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan owó, wọ́n á san ti olórin, wọ́n á san ti ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, wọ́n á san ti alága ìjókòó. Bó bá kan onílù, àdúrà ni wọ́n á fi ránṣẹ́: "Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbà pé olórin ló ni orin, pé onílù kàn ń bá a gbè é ni. Irọ́ ni. A ó fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo Tony Oladipo Allen. Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1940. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù, ó sì ti tó ọmọ ọdún 18 nígbà náà. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kankan. Àwo Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbọ́. Ó ka ohun tí Max Roach sọ nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan nípa bí onílù ṣe ń fi ẹsẹ̀ lo àwo idẹ méjì tó ń pa ara wọn pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dánra wò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Olaiya, igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìlù. Ọdún 1964 ni Fela gbà á sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe Koola Lobitos, wọ́n jọ ṣe Africa 70, wọ́n sì jọ ṣe àwo tó lé ní 30 kó tó kúrò.

Kí ló ṣe níbẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tirẹ̀ tó ń sọ, bí ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ṣe máa ń dá ara wọn lóhùn nínú ẹgbẹ́ dùndún. Ó gbé jáàsì lé háíláìfù, ó sì gbé méjèèjì lé ìlù ilé wa. Fela máa ń kọ ohun tí àwọn afunfèrè àti àwọn onígìtá yóò lù fún wọn, ṣùgbọ́n ó fi ti ìlù sílẹ̀ fún Tony Allen láti ṣe bó ṣe rí i. Ẹ yọ ohùn Fela kúrò nínú orin Afrobeat kan, ẹ ó ṣì mọ̀ pé Afrobeat ni. Ẹ wá yọ ìlù yẹn kúrò, kí ẹ sọ fún wa ohun tó kù.

Síbẹ̀, ẹ gbé àwo wọ̀nyẹn yí wò. Ní ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin sí, orúkọ Fela nìkan ni ẹ ó bá. A kò ní purọ́ mọ́ Fela o. Lọ́dún 1975, nígbà tí Tony Allen fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú àwo Jealousy, Fela ló bá a ṣe é jáde, ẹgbẹ́ Africa 70 ló sì bá a lù ú. Ṣùgbọ́n orúkọ lórí àwo tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìpín nínú àwo tí gbogbo ayé ń rà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣeré ní Berlin lọ́dún 1978, Tony Allen kúrò, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tó lé e lọ. Ó lọ sí London lọ́dún 1984, lẹ́yìn náà ó fìdí kalẹ̀ sí Paris. Ibẹ̀ ló ti di àgbà tí àwọn ọmọ òyìnbó ń wá bá. Lọ́dún 2007, òun àti Damon Albarn wà nínú ẹgbẹ́ The Good, the Bad & the Queen. Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ Blue Note, tó ṣe àwo Art Blakey tó ń gbọ́ nígbà èwe rẹ̀, ló gbé àwo The Source jáde fún un. Paris náà ló kú sí, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Ọmọ Èkó ni, ṣùgbọ́n ó di dandan kó kọjá òkun kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó tó o jẹ bó ṣe yẹ.

Ẹ má sì rò pé àwa dúdú nìkan ni wọ́n ń ṣe báyìí. Ginger Baker, ọmọ London, ló ń lùlù fún ẹgbẹ́ Cream láti ọdún 1966 sí 1968. Àwọn kan ní ara ẹgbẹ́ yẹn ni orin heavy metal ti yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Baker fúnra rẹ̀ kórìíra kí wọ́n so orúkọ òun mọ́ ọn. Lọ́dún 1971, ó wa ọkọ̀ la aginjù Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà. Ó bá Fela àti Tony Allen ṣeré, àwo sì jáde lọ́dún náà. Lọ́dún 1973, ó ṣí sítúdíò sí Ìkẹjà, Paul McCartney sì gbà lára orin àwo Band on the Run sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀ rèé: nínú orin White Room ti ọdún 1968, ìlù alámàárùn-ún kan wà níbẹ̀rẹ̀ tí Baker sọ pé òun lòun mú un wá. Jack Bruce àti Pete Brown ni orúkọ wọn wà lórí orin náà. Àwọn ni owó ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá ń lọ bá. Baker ráhùn sí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú lọ́dún 2019.

Ẹ rí i pé Baker àti Allen, òyìnbó kan, Yorùbá kan, tí wọ́n jọ jókòó sídìí ìlù nílùú Èkó, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Ohùn àti ọ̀rọ̀ orin ni àwọn tó ń pín owó ń kà sí iṣẹ́. Ìlù ni wọ́n ń kà sí ìrànlọ́wọ́.

Ṣé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn? Rárá. Ẹ wo Bill Ward, onílù Black Sabbath, ẹgbẹ́ heavy metal láti Birmingham. Nínú àwo wọn méjèèjì ti ọdún 1970, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí olùṣẹ̀dá orin wọn, ti onílù wà lára rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún fẹ́ kóra jọ lọ́dún 2012, Ward ní ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé wá kò ṣe é fọwọ́ sí. Kò fọwọ́ sí i. Ẹlòmíì ló lùlù nínú àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe eré ìdágbére wọn ní Birmingham ní oṣù keje ọdún 2025, òun ló jókòó sídìí ìlù. Ward kò mọ ìlù ju Tony Allen lọ. Ìwé ló yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lè sọ pé "rárá" kí ebi má pa á.

Ẹni tó bá sì ní àṣà òyìnbó ni à ń kó wọlé, kó wo Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí Ifọ̀. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa lọ́dún 1980, kò fi onílù rẹ̀ pamọ́. Ó ń dá orúkọ Adéwọlé Oníluọlá nínú àwo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹni tó bá ń gbọ́ àpàlà Àyìnlá mọ ẹni tó ń lù ú. Orúkọ pípè kò náni ní kọ́bọ̀. Bí àwọn bàbá wa bá lè ṣe é láyé rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ló dé tí ẹni tó ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kò lè kọ orúkọ onílù sábẹ́ rẹ̀?

A mọ àwíjàre tí ẹ ó wí. Ẹ ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò yẹ ká gbowó lé e. Ó dára. Ṣé páítọ́ ń gbowó? Ṣé ẹni tó ń ta dísù fún ẹ̀rọ amúnáwá ń gba "Ọlọ́run á san án"? Bíbélì fúnra rẹ̀ kò fi owó alágbàṣe ṣeré, láyé Nehemáyà sì rèé, ìpín ojoojúmọ́ àwọn akọrin tẹ́ńpìlì wà nílẹ̀. Bí ọmọ kan bá fẹ́ fi ìlù rẹ̀ ṣe ọrẹ, òun ni yóò sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹlòmíì kò lè bá a fi òógùn rẹ̀ tọrẹ.

Ẹ ó ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n owó wà fún aṣọ ẹbí, owó wà fún kéèkì alájà mẹ́ta, owó wà fún ẹni tó ń ya fọ́tò. Owó kì í ṣaláì sí. Onílù ni ẹ kò kọ sínú ìwé ìnáwó.

Ẹ ó ní alágbe ni wọ́n, pé ẹni tó ń kiri òde ki ènìyàn kó lè rówó kò yẹ lẹ́ni à ń bá ṣe àdéhùn. Èyí ló dùn wá jù. Ẹ kò san owó ọ̀yà rẹ̀. Ó wá ń ki àlejò yín kó lè rí owó ọkọ̀ padà sí Ìbàfò lóru. Ẹ tún yí padà pè é ní alágbe. Ta ló sọ ọ́ di alágbe?

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá àánú ṣíṣe. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó bá ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Olórin wà nínú rẹ̀, onílù náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń tà á láìgba àṣẹ ti tẹ òfin lójú.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè rèé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ yan owó oṣù kan fún onílù yín, bó ti wù kó kéré, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ kún un. Ẹ̀yin tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, kí ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pé ta ló mú kí ni wá, àti pé ìpín ta ni mélòó. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti alẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ẹ kọ onílù sínú ìwé ìnáwó yín kí ẹ tó kọ kéèkì. Ẹ san ìdajì owó rẹ̀ ṣáájú, kí ìyókù sì wọ àpò rẹ̀ kó tó tú ìlù. Ẹ̀yin òbí ní Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀ tó ń fi orúkọ onílù bú ọmọ yín, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n sanwó fún un kí ẹ tó bú u.

Ẹ̀yin onílù, ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin náà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan igi ìlù tàbí kọ̀ǹgọ́ kí ẹ tó gbọ́ iye owó. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, ì báà jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún òun, ẹ jẹ́ kó lọ fi ọwọ́ rẹ̀ gbá tábìlì, kó kọrin sí i, ká wo ẹni tí yóò dìde jó.