Ta Ni Ọ̀gá Nínú Àwọn Amúbọ́ọ̀lù Yankees?

Nínú eré béésìbọ́ọ̀lù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, amúbọ́ọ̀lù ni ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tó ń mú èyí tí ajùbọ́ọ̀lù bá jù.

Bí a bá ní kí a yan ọ̀gá wọn nínú ìtàn ẹgbẹ́ New York Yankees, Yogi Berra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Wọn kò jẹ̀bi. Ìgbà 10 ni ó bá wọn gba World Series, ìgbà 3 sì ni ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú líìgì rẹ̀.

Síbẹ̀, Bill Dickey ni èmi fi ṣe àkọ́kọ́. Òun náà gba World Series nígbà 7, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí pàtàkì. Ní ọdún 1949, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ó sì tọ́ Berra sọ́nà títí tó fi di ọ̀jáfáfá. Òun náà ló kọ́ Elston Howard ní iṣẹ́ yìí, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Yankees, ní ọdún 1955. Howard gba oyè kan náà ní 1963.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1972, Yankees fi nọ́ńbà 8, tí Dickey àti Berra jọ lò, pamọ́ ní orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń ka ife nìkan yóò gbàgbé olùkọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ óò mú?